Kọ́kọ́rọ́ Ọmọ Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀

Ní ọdún tí ìjọba ológun ní kí gbogbo ọmọ Nàìjíríà fún ìgbànú mọ́ ìdí, Mùíz oníbátìrì kò ní ìgbànú. Okùn ni ó fi ń so ṣòkòtò rẹ̀, okùn náà sì ti dé ibi tí kò ṣeé fún mọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti máa gba iná sínú bátìrì ọkọ̀ fún àwọn ènìyàn ní Gbaji, lẹ́bàá títì tó lọ sí Sẹ̀mẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń pín iná fún àdúgbò wọn ti jó láti ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sẹ́yìn. Wọ́n ní kí àwọn ará àdúgbò dáwó ra òmíràn. Àwọn wo ni yóò dáwó? Ṣé olùkọ́ tí kò rí owó oṣù gbà láti ìgbà òjò ni, àbí apẹja tí sójà gba ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀? Mùíz a máa jókòó sẹ́nu ṣọ́ọ̀bù láàárín òkú bátìrì láti àárọ̀ títí dé ìrọ̀lẹ́, bí ọlọ́jà tí kò ní ọjà.

Síbẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni ó ń gba oorun lójú rẹ̀. Aaliyah, àbúrò rẹ̀ obìnrin, ni. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni Aaliyah, àìsàn arómọléegun sì ti bá a wá sáyé. Ìyá wọn ti kú tipẹ́. Bàbá wọn, Àfáà Sùlàímọ́nù, tó máa ń kọ́ àwọn ọmọdé ní kéwú lábẹ́ igi àgbọn ẹ̀yìn ilé, kú ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, ó sì fi àwọn méjèèjì sílẹ̀ fún ara wọn. Ní ìgbà òjò tó kọjá, kí àwọn dókítà tó bẹ̀rẹ̀ ìyanṣẹ́lódì, dókítà kan pe Mùíz sẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ní ẹ̀dọ̀ ọmọ náà ti ń daṣẹ́ sílẹ̀. Ó ní, "Ohunkóhun tó bá ti fẹ́, ẹ ṣe é fún un." Ẹ gbọ́ ọ̀rọ̀ o! Ìlú tí kò ní iná, tí kò ní epo, tí ilé ìwòsàn gan-an ti fẹ́ẹ́ tilẹ̀kùn, ibẹ̀ ni wọ́n ní kí wọ́n ti ṣe ohunkóhun tó bá fẹ́.

Aaliyah gbọ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì. Gbogbo ara rẹ̀ ló ń ṣàìsàn, àfi etí rẹ̀. Nígbà tí wọ́n délé, ohun kan ṣoṣo ni ó béèrè.

"Bọ̀dá mi, mo fẹ́ rí ìparí Ìkẹrin kí n tó lọ."

Mùíz ní kó dákẹ́ ìsọkúsọ, ibo ni ó ń lọ? Ṣùgbọ́n ó ṣèlérí fún un.

Ìkẹrin tí ó ń wí, géèmù inú tẹlifíṣọ̀n ni. Ọ̀rẹ́ Mùíz kan tó ń jẹ́ Mákánjú, tó ń kó àlòkù ọjà wọlé láti Kútọnu, ni ó kọ́kọ́ gbé e wá: ẹ̀rọ pẹlẹbẹ kan tí wọ́n ń so mọ́ tẹlifíṣọ̀n, pẹ̀lú kásẹ́ẹ̀tì kan tí wọ́n ń kì bọ̀ ọ́ lórí. Jàpáàn ni ọkọ̀ ojú omi ti kó o bọ̀ láàárín àwọn tẹlifíṣọ̀n àlòkù, èdè Jàpáàn ni wọ́n kọ sí gbogbo ara rẹ̀, kò sì sí ẹni tó lè kà á láti Gbaji títí dé Èkó. Nítorí pé ọmọbìnrin inú rẹ̀ fi ojú kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ onígi bojú, Aaliyah sọ ọ́ ní Ọmọ Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀. Àwọn tó ń ṣe é kò dáwọ́ dúró. Bí ọdún bá ti ń yí ni òmíràn ń jáde, Mákánjú náà yóò sì wá a kàn: Ìkíní, Ìkejì, Ìkẹta. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò yìí ṣe gbogbo wọn parí. Mùíz ni ó ń tẹ bọ́tìnnì. Aaliyah, tí ọwọ́ máa ń wú, ni ó ń sọ ìtàn, nítorí ohun tí ènìyàn kò lè kà, ó ṣì lè pìtàn rẹ̀.

Àlọ́ ilẹ̀ Jàpáàn ni wọ́n fi ṣe eré náà, ẹ̀dá inú rẹ̀ kò sì kéré. Agboòrùn kan wà níbẹ̀ tó ń fi ẹsẹ̀ kan ṣoṣo rìn, tó ń yọ ahọ́n síta. Obìnrin kan wà tí ọrùn rẹ̀ máa ń gùn lójú oorun títí yóò fi yọjú sínú ìkòkò ọbẹ̀ aládùúgbò. Aaliyah ní irú rẹ̀ ń bẹ ní Gbaji, ó sì dárúkọ ẹni náà. Èyí tó le jù ni ẹ̀dá inú odò kan tó ní igbá lẹ́yìn bí ìjàpá, tó gbé omi sínú àwo kan ní àtàrí. Ọ̀sẹ̀ méjì gbáko ni ó fi ń pa Mùíz lójú kan náà. Idà kò ràn án, òkò kò ràn án. Nígbà tó sú Aaliyah, ó ní, "Ẹ tiẹ̀ kí i ná. Ó jọ àgbà." Mùíz rẹ́rìn-ín, ó tẹ bọ́tìnnì ìsàlẹ̀, ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀. Àfi bí ẹ̀dá omi náà ṣe tẹríba dáhùn! Omi orí rẹ̀ dà sílẹ̀, agbára rẹ̀ sì tán pátápátá. Mùíz pariwo débi pé àwọn ará ilé kejì sáré wá wò ó bóyá olè ni.

Nínú Ìkẹrin, ọ̀rọ̀ di ti ikú. Wọ́n gbé àbúrò Ọmọ Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ lọ sí ìlú àwọn òkú, ọmọbìnrin náà sì ń wá a lọ láti ibodè dé ibodè. Ibodè mẹ́jọ ni. Nígbàkígbà tó bá kọjá ọ̀kan, àwòrán ọmọ kékeré náà yóò jáde: ó jókòó ti àwo oúnjẹ kan, kò fọwọ́ kàn án, ó sì ń rù sí i. Aaliyah ní ẹni tó bá ti jẹ oúnjẹ àwọn òkú ti di tiwọn, ìdí nìyẹn tí ọmọ náà fi ń febi panú de ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ta ló sọ fún un? Kò sẹ́ni tó sọ fún un. Ṣùgbọ́n Mùíz gbà á gbọ́, ó sì ń tẹ bọ́tìnnì bí ẹni tí wọ́n ń lé. Wọ́n ti kọjá ibodè méje. Ó ku ẹyọ kan.

Géèmù yìí kò lè rántí ohunkóhun fúnra rẹ̀. Bí wọ́n bá pa á, gbogbo ìrìn ti dànù, àfi bí wọ́n bá kọ lẹ́tà Jàpáàn méjìléláàádọ́ta tó máa ń hàn lójú tẹlifíṣọ̀n sílẹ̀, kí wọ́n sì tò wọ́n padà bí wọ́n ṣe wà nígbà mìíràn. Kọ́kọ́rọ́ ni àwọn méjèèjì ń pè é. Bí ìlà kan bá yẹ̀ lára lẹ́tà kan, ilẹ̀kùn kò ní ṣí. Ìwé ìkọ̀wé ti di ọjà olówó nígbà náà, Aaliyah bá lọ gbé wàláà bàbá wọn kan, pátákó tí àwọn ọmọ kéwú fi ń kọ́ ìwé, àti tàdáà dúdú tó ṣẹ́kù sínú ìgò. Ọwọ́ rẹ̀ ti dára lórí wàláà láti kékeré. Bí wọ́n bá gba kọ́kọ́rọ́ tuntun, yóò fi omi fọ ti àtẹ̀yìnwá dànù bí àwọn ọmọ kéwú ṣe ń ṣe, yóò sì kọ tuntun sójú rẹ̀. Kọ́kọ́rọ́ ibodè keje ni ó kọ síbẹ̀ ní ọjọ́ tí iná lọ. Ó gbé wàláà náà kọ́ sókè bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ojú rẹ̀ kì í sì í kúrò lára rẹ̀.

Iná kò padà wá. Epo di góòlù, kò sẹ́ni tó ń tan jẹnẹrétọ̀. Sójà tún ti ibodè Sẹ̀mẹ̀ pa, Mákánjú há sí Kútọnu, kò sí ìròyìn rẹ̀. Láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà náà, Mùíz ń wo bí ojú àbúrò rẹ̀ ṣe ń pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí epo, bí ọrùn rẹ̀ ṣe ń tín-ínrín. Ẹ̀rù ń bà á. Ó ń bẹ Ọlọ́run pé bí kò bá fẹ́ fún un ní ẹ̀mí, kó kúkú fún un ní iná wákàtí kan.

Ní ọjọ́ Wẹ́sídeè kan, egungun bẹ̀rẹ̀ sí í ro Aaliyah ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Ó ké títí ohùn rẹ̀ fi há. Mùíz ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n bàbá wọn obìnrin tó ń jẹ́ Nurat, tó ń gbé ní Aradagun, tí wọ́n ń pè ní Ìyá Aradagun. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni màmá náà dé. Ó rí ọkọ̀ wọ̀ dé Badagry, ó fi ẹsẹ̀ rin ìyókù, bàtà rẹ̀ wà lọ́wọ́. Wọn kò rán Nurat ní ilé kéwú, wọn kò rán an ní ilé ìwé. Ní ìgbà tirẹ̀, ọmọkùnrin ni wọ́n ń rán. Ṣùgbọ́n kò sí ìrun kan tó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́ rí láyé rẹ̀.

Ó jókòó ti Aaliyah, ó gbé orí rẹ̀ lé itan. Àárọ̀ náà ni Mùíz gbọ́ pé ọ̀gá kan ní Kankon rí epo rà, yóò sì tan jẹnẹrétọ̀ títí di ọ̀sán. Ó gbé bátìrì tó sàn jù lọ nínú ṣọ́ọ̀bù sẹ́yìn kẹ̀kẹ́.

"Ìrọ̀lẹ́ òní," ló wí fún Aaliyah. "Ìrọ̀lẹ́ òní la ó parí ẹ̀."

Aaliyah kò lè sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ó gbé ìka kan sókè. Ibodè kan.

Lẹ́yìn ìrun alásárì ni Mùíz padà dé, òógùn bò ó, bátìrì ti gba iná. Ìyá Aradagun pàdé rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ẹ̀rín.

"Mùíz, wá dúpẹ́! Ó ti sùn, ó sì ti jí. Ìrora náà ti rọlẹ̀ díẹ̀."

"Alihamudulilaahi. Kí lẹ fún un, Màámi?"

"Ohun tí bàbá yín fi sílẹ̀ fún un náà ni. Àdúà tó kọ sórí wàláà, tẹ́ ẹ gbé kọ́ sókè tẹ́ ẹ ń wò níran. Mo fọ̀ ọ́ sínú abọ́, mo sì fún un mu." Ó mi orí. "Ẹ̀yin ọmọ òde òní! Oògùn wà nílé, ẹ ń wá a lọ sóko."

Mùíz wo ẹ̀yìn rẹ̀. Wàláà náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri nínú oòrùn, ó mọ́ tónítóní, ó ń gbẹ. Bátìrì ṣì wà láyà rẹ̀. Inú bí i débi pé etí rẹ̀ ń hó. Ó la ẹnu, ọ̀rọ̀ tó sì wà ní ẹnu náà, ọmọ kì í sọ ọ́ sí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀.

"Bọ̀dá mi," ni Aaliyah pè láti inú yàrá, ohùn rẹ̀ kò ju ti ẹ̀fọn lọ. "Ẹ wọlé wá."

Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

"Kí ló dé tí o kò sọ fún wọn?"

"Kí ni kí n sọ? Pé ìwé géèmù àwọn Jàpáàn ni mo kọ sórí wàláà bàbá wa?" Ó sinmi kó tó lè máa bá a lọ. "Ẹkún ni wọ́n ń sun bí wọ́n ṣe ń fọ̀ ọ́. Ẹsẹ̀ wọn ti bó. Wọ́n wá bi mí pé ṣé mo ti há a sórí, mo forí dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni."

Nílé kéwú, ọmọ kì í fọ wàláà tí kò bá tíì há ohun tó wà lórí rẹ̀. Òfin bàbá wọn nìyẹn, pàṣán ló sì fi máa ń kọ́ni ní òfin náà.

"Ṣé o há a lóòótọ́?"

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni mo fi ń wò ó, bọ̀dá mi." Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín. "Ó korò o."

Mùíz so bátìrì mọ́ tẹlifíṣọ̀n àti ẹ̀rọ géèmù. Àwòrán jáde, orin Jàpáàn náà bẹ̀rẹ̀, ibi tí wọn yóò to kọ́kọ́rọ́ sí sì ṣí sílẹ̀. Ọwọ́ Aaliyah kò lè di gègé mú, ó bá ní kí Mùíz tẹ́ àtẹ́lẹwọ́. Ó ń fi ìka kọ lẹ́tà náà síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, Mùíz ń wá irú rẹ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n. Àwọn lẹ́tà náà kò ní orúkọ tí wọ́n mọ̀, ọwọ́ nìkan ló rántí wọn. Ìka rẹ̀ gbóná. Lẹ́tà mẹ́wàá, ogún, ọgbọ̀n. Mùíz gbà pé yóò ṣeé ṣe, ọkàn rẹ̀ sì dìde fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà òjò.

Wọ́n pé méjìléláàádọ́ta. Ó tẹ bọ́tìnnì. Ẹ̀rọ náà dún bẹ́ẹ̀-ẹ́ẹ̀ bí àgùntàn, ó kọ ìlà kan tí wọn kò lè kà, ṣùgbọ́n tó ti yé wọn tipẹ́. Kò gbà.

"Ìkẹtàdínlógún," ni Aaliyah wí. "Ìrù rẹ̀ lè jẹ́ apá òsì."

Wọ́n yí i. Kò gbà. Ó ní ìkejìlélógójì náà kò dá òun lójú. Wọ́n yí ìyẹn náà. Kò gbà. Nígbà tó yá, lẹ́tà márùn-ún ni kò dá a lójú mọ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì lè jẹ́ ọ̀nà méjì. Mùíz, tí ó mọ ìṣirò iná dáadáa, mọ iye ìgbà tí ìyẹn yóò gbà á, ó sì mọ iye ìgbà tí bátìrì lè fara dà. Wọn kò bára mu. Síbẹ̀ ó ń yí i. Ìgbà mọ́kànlá ni ó gbìyànjú rẹ̀. Ìyá Aradagun yọjú, ó rí ọmọ tó ń fi ìka kọ̀wé sí ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó ní Ọlọ́run yóò gbọ́ àdúà wọn, ó sì rọra padà sẹ́yìn.

Àwòrán bẹ̀rẹ̀ sí í kéré lójú tẹlifíṣọ̀n, dúdú ń jẹ ẹ́ láti etí wọ àárín. Ìka Aaliyah dúró nínú àtẹ́lẹwọ́ Mùíz.

"Ó tó, bọ̀dá mi. Ẹ pa á."

Mùíz pa á. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò lè wojú rẹ̀.

"Ẹ sọ ọ́ fún mi," ni Aaliyah wí. "Ẹ sọ bó ṣe parí."

"Ìwọ lo máa ń sọ ọ́."

"Ó ti rẹ̀ mí."

Mùíz kì í ṣe asọ̀tàn. Bátìrì ni ó mọ̀. Ṣùgbọ́n ó bẹ̀rẹ̀. Ó ní Ọmọ Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ dé ibodè kẹjọ, ó bá oníbodè kan níbẹ̀ tó tóbi bí afárá Gbaji. Ó ní kò yọ idà, kíkúnlẹ̀ ni ó kúnlẹ̀ kí i. Aaliyah ní ó dára bẹ́ẹ̀. Ó ní oníbodè náà yà fún un, ó wọlé, ó di àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́ mú, wọ́n sì bọ́ síta.

"Ṣé kò tíì jẹ oúnjẹ náà?"

"Kò fọwọ́ kàn án."

"Kí ló wá kọ́kọ́ sọ nígbà tó jáde?"

Mùíz kò ronú débẹ̀.

"Ó ní ebi ń pa òun," ló wí nígbẹ̀yìn.

Aaliyah rẹ́rìn-ín títí tó fi dùn ún, ó di ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mú. "Irọ́ ni," ló wí. "Ṣùgbọ́n ó dùn ún gbọ́. Ẹ tún un sọ fún mi lọ́la."

Ó tún un sọ ní ọjọ́ kejì. Kò lè rántí gbogbo bó ṣe sọ ọ́ tẹ́lẹ̀, Aaliyah sì ń tọ́ ọ sọ́nà. Ní àárọ̀ Sátidé, Mùíz gbé ẹ̀kọ gbígbóná wọlé fún un, ó sì bá a tó ti lọ, ọwọ́ rẹ̀ ṣí sílẹ̀ lórí ẹní. Àánú rẹ̀ ṣe Mùíz, àánú ara rẹ̀ náà ṣe é, ó sì sunkún bí ọmọdé níṣojú Ìyá Aradagun.

Kí ọ̀sán tó pọ́n, wọ́n ti sin ín. Ìyá Aradagun ń sọ fún gbogbo ẹni tó wá kí wọn pé ọmọ òun kò lọ lófìfo, àdúà bàbá rẹ̀ wà ní ikùn rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹjọ, ó pe Mùíz sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó fẹ́ mọ ibi tí àdúà náà wà nínú Àlùkùránì, kí àwọn Àfáà lè kà á fún un níbi fídáù. Mùíz wo ojú obìnrin tó fi ẹsẹ̀ rin ọ̀nà yẹn.

"Òun nìkan ló mọ̀ ọ́n, Màámi," ló wí. "Ó ti há a lọ."

"Ọlọ́run á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀," ni Ìyá Aradagun wí, ó sì fi ìborùn nu ojú.

Oṣù méjì kọjá kí sójà tó ṣí ibodè Sẹ̀mẹ̀. Iná ti padà wá nígbà náà, kò kúkú wúlò fún ẹnikẹ́ni tó yẹ kó wúlò fún. Mùíz jókòó sẹ́nu ṣọ́ọ̀bù, ó ń bu omi sí bátìrì ẹnì kan, nígbà tí ọkọ̀ ẹlẹ́rù kan já Mákánjú sílẹ̀ ní òdìkejì títì. Mákánjú kò tiẹ̀ dúró kí eruku rọlẹ̀.

"Ìkarùn-ún ti jáde o!" ló ń ké bọ̀, ó ń sá fún ọkọ̀. "Mùíz! Ìkarùn-ún! Tuntun ni o, kì í ṣe àlòkù. Ní ibodè lọ́hùn-ún, mo ní ẹní bá fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi kó kọ́kọ́ gba ẹ̀mí mi."

Ó fi í lé Mùíz lọ́wọ́. Páálí pupa ni. Lójú rẹ̀, Ọmọ Kọ̀lọ̀kọ̀lọ̀ dúró lórí òkè kan, ó ti gbé ojú onígi náà sókè sí iwájú orí, wọ́n rí ojú rẹ̀ gan-an fún ìgbà àkọ́kọ́. Ó ń rẹ́rìn-ín. Kò fi ọjọ́ kan dàgbà. Mùíz wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó rí agboòrùn ẹlẹ́sẹ̀ kan, ó rí obìnrin ọlọ́rùn gígùn. Ó wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún, ó wo ẹ̀gbẹ́ òsì, ó ṣí páálí náà, ó tú ìwé pélébé inú rẹ̀ wò láti ojú ewé dé ojú ewé, bí ẹni tó ń wá ọmọ tó sọnù lọ́jà. Gbogbo wọn ló wà níbẹ̀. Ọmọ kékeré náà, àbúrò rẹ̀, kò sí níbì kankan.

"Kí lò ń wá nínú ẹ̀?" ni Mákánjú béèrè. "Ṣé o lè kà á ni?"

Kò dúró gba èsì. Ó ti kọjú sí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù, níbi tí ilé wà, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sẹ́nu.

"Aaliyah! Aaliyah, jáde wá wo ohun tí mo mú bọ̀ fún ọ!"

Ó pè é lẹ́ẹ̀mejì sí i kí Mùíz tó rí ẹnu sọ fún un.